Bí A Ṣe Ń Yan Tẹmómítà Tó Ṣe é Gbára Lé fún Àpótí Dígí Ẹja Nínú Ilé

Ẹja kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe. Bí omi tó ń gbé bá ṣe gbóná tó ni ara tirẹ̀ náà ṣe ń gbóná tó. Bí omi bá tutù jù, oúnjẹ kò ní dà nínú rẹ̀ dáadáa, ara rẹ̀ á rọ, àìsàn á sì rí ọ̀nà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ nílé ní Akúrẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fi tẹmómítà du ẹja wọn, kí wọ́n má sì kàn gbé èyí tí ọwọ́ wọn bá kọ́kọ́ bà lórí àtẹ. Tẹmómítà tó ń parọ́ burú ju kéèyàn má ní rárá lọ, torí ọkàn ẹni á balẹ̀ níbi tí kò yẹ kó balẹ̀.

"Ṣebí ìlú wa gbóná, kí la fẹ́ fi tẹmómítà ṣe?" Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo òru ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí afẹ́fẹ́ lè tutù títí tí yóò fi sún mọ́ 20°C, tí oòrùn ọ̀sán ọjọ́ kan náà á tún gbé e kọjá 30°C. Omi inú àpótí ńlá kì í tètè yí padà, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó gba lítà 20 tàbí 30 máa ń tẹ̀lé afẹ́fẹ́ yàrá ni. Nígbà tó bá wá di oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ooru ló kù tí a ó máa bá jà. Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù: ní 20°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, ṣùgbọ́n ní 30°C, bíi 7.5 péré ni. Ẹja tó ń sáré wá sókè omi láti máa la ẹnu ní ọ̀sán gangan lè má jẹ́ pé oúnjẹ ló ń wá, èémí ni.

Ìka tí a ń tì bọ omi kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ara tiwa gbóná ju omi ẹja lọ, nítorí náà omi tó wà ní 23°C àti èyí tó wà ní 27°C, títutù ni méjèèjì máa jọ lọ́wọ́ wa.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹja yín ń fẹ́

Guppy, molly, platy àti ọ̀pọ̀ tetra máa ń gbádùn omi tó wà láàárín 24°C sí 27°C. Betta fẹ́ 25°C sí 28°C. Discus fẹ́ ooru ju gbogbo wọn lọ, 28°C sí 30°C. Goldfish ní tirẹ̀ fẹ́ràn omi tútù, bíi 18°C sí 23°C, ìdí rèé tí kò fi yẹ kó máa bá àwọn yòókù gbé inú àpótí kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tà wọ́n pọ̀.

Èyí ni yóò sọ irú tẹmómítà tí ẹ máa rà. Ó gbọ́dọ̀ fi dígírì kọ̀ọ̀kan hàn kedere láti 18 dé 32, kí ojú lè rí i láìfún pọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé 0°C, torí ibẹ̀ la ti máa dán an wò. Tẹmómítà tí a fi ń wo ibà ọmọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, torí láti bíi 32°C tàbí 35°C ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹmómítà tó dà bí ìbọn, tí wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ iwájú orí wa lẹ́nu ọ̀nà báńkì lásìkò kòrónà náà kò bá a mu, nítorí ooru ojú awọ ara ló ń kà, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ omi.

Irú mẹ́ta tí ẹ máa bá pàdé

Àkọ́kọ́ ni èyí tó dà bíi sítíkà, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara dígí láti ìta, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà. Òun ló máa ń wọ́n kéré jù, òun náà sì ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbára lé. Ara dígí ló ń kà. Ojú kan rẹ̀ kọ omi, èkejì kọ afẹ́fẹ́ yàrá, nọ́ńbà tó bá sì fi hàn, àdàlù méjèèjì ni. Bí fáànù bá ń fẹ́ sí i, yóò sọ pé omi tutù ju bó ṣe rí lọ. Bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé tó bà á, yóò sọ pé omi ń hó. Nínú ọyẹ́ gan-an, nígbà tí a nílò òtítọ́ jù lọ, ìgbà náà ló máa ń ṣìnà jù. Tó bá ti wà lára àpótí tí ẹ rà, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ wá òmíràn kún un.

Èkejì ni ọ̀pá onígíláàsì tí omi pupa wà nínú rẹ̀, tó ní rọ́bà tó ń fà mọ́ dígí láti inú. Kò nílò bátìrì, iná lọ, iná dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò máa ṣe. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tiwa. Tí ẹ bá rí èyí tí omi inú rẹ̀ dán bíi fàdákà, mẹ́kúrì nìyẹn, májèlé ni fún ẹja àti fún ènìyàn bó bá fọ́. Ẹ má rà á.

Ẹ̀kẹta ni oníbátìrì, tí ojú rẹ̀ wà níta, tí wáyà kan sì gùn wọ inú omi. Ó rọrùn láti kà, pàápàá fún àgbà tí ojú ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń fi nọ́ńbà lẹ́yìn àmì hàn, bíi 26.3. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Tí wọ́n bá kọ ±1°C sára páálí rẹ̀, a jẹ́ pé omi tó pè ní 26.3 lè jẹ́ 25.3, ó sì lè jẹ́ 27.3. Kí nọ́ńbà pọ̀ yàtọ̀ sí kí ó jẹ́ òótọ́.

Níwájú ẹni tó ń tà á

Ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹja ọ̀ṣọ́ lápá Alágbàká lẹ wà, tàbí ẹ gba ọ̀nà Ọjà Ọba lọ, ẹ má mú ẹyọ kan kẹ́ ẹ sanwó. Àwọn tó wà lórí àtẹ kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń mí sí, nọ́ńbà kan náà ló sì yẹ kí wọ́n máa sọ. Ẹ wo mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí mẹ́ta bá ní 29°C, tí ọ̀kan ní 26°C, tí òmíràn ní 31°C, inú àwọn mẹ́ta tó fẹnu kò ni kẹ́ ẹ ti mú. Tí ọlọ́jà bá gbà, inú ife omi kan ló dáa jù ká ti wò wọ́n.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó mẹ́rin yìí sínú omi, kí n fi wọ́n wé ara wọn."

"Kí wọ́n má fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o, Mà."

"Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kó wọn sí i. Èyí tó bá péye ni mo máa rà."

Ọlọ́jà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìyẹn.

Ẹ tún wo ọ̀pá náà fínnífínní. Ṣé omi pupa inú rẹ̀ so pọ̀, àbí ó ti já sí méjì tí àlàfo wà láàárín? Èyí tó bá ti já kò níye lórí mọ́. Ṣé ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí nínú ọ̀pá dúró ṣinṣin, àbí ó ń yọ̀ sókè sódò bí ẹ bá mì í díẹ̀? Ìwé tó bá ti sún kúrò láàyè rẹ̀ á ba gbogbo nọ́ńbà jẹ́, ẹni tó sì ń lò ó kò ní fura. Fún oníbátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnì rẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé °C ló wà. 77°F àti 25°C, ìkan náà ni.

Ìdánwò yìnyín

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀, torí òun ló ń sọ tẹmómítà di ohun tí a lè gbára lé. Ẹ ra píọ̀ wọ́tà tó ti dì gbagidi, ẹ fọ̀ ọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ rọ ọ́ kún inú ife. Ẹ wá da omi mímọ́ tútù sí i, kó kàn dí àlàfo àárín yìnyín náà. Ẹ má fi iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ máa ń mú kó tutù ju 0°C lọ. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ ti tẹmómítà bọ àárín, kí ìdí rẹ̀ má kan ara ife. Bó bá jẹ́ oníbátìrì ni, orí wáyà nìkan ló ń wọlé. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó kà á.

0°C ló yẹ kó sọ. Bó bá sọ 1°C, kò burú: ẹ ti mọ̀ pé ó ń fi ẹyọ kan lé e, ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí. Bó bá sọ 3°C, ẹ dá a padà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ 1 lánàá, tó di 2 lónìí, kò ní ìdúró, kò sì sí bí a ṣe lè fi ìṣírò tún un ṣe.

Ẹ má fi omi híhó dán an wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ẹja kì í kọjá 50°C, ó máa bẹ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Akúrẹ́ fi ju 300 mítà lọ ga ju òkun, nítorí náà bíi 99°C ni omi ti ń hó níbí.

Tẹmómítà ibà tí a lé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀ báyìí. Ẹ po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, bíi 38°C, ẹ ti méjèèjì bọ̀ ọ́ pọ̀, ẹ máa rò ó, kẹ́ ẹ sì ka tẹja nígbà tí tibà bá dún. Bí wọ́n bá fẹnu kò níbẹ̀, tí tẹja sì ti yege nínú yìnyín, àárín méjèèjì ni omi ẹja yín wà, ẹ lè gbà á gbọ́. Bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Akúrẹ́ níbí, tó lè jẹ́ kẹ́ ẹ fi tiyín wé ti láàbù, ìyẹn tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí a máa fi í sí

Ẹ gbé e jìnnà sí hítà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ní òdìkejì àpótí, ní ìdajì ìsàlẹ̀ omi, níbi tí omi tó ń ti inú fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, jáde ń gbà kọjá. Kí oòrùn má bà á. Nọ́ńbà tó wà lára hítà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tẹmómítà. Ohun tí ẹ ní kí hítà ṣe ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tó ti ṣe.

Ẹ kà á láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ, kẹ́ ẹ tún kà á ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí ìyàtọ̀ méjèèjì bá ju 2°C lọ, ẹja lè máa jìyà. Tí iná bá lọ lóru ọyẹ́, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yí ara àpótí ká, ẹ fi òkè sílẹ̀ kó máa gba afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán oṣù Kẹta, píọ̀ wọ́tà tó dì, tí a kò já, lè léfòó lórí omi, àmọ́ ẹ máa wo tẹmómítà kí omi má fi ju 1°C lọ sọ̀kalẹ̀ láàárín wákàtí kan.

Ohun aláwọ̀ ewé kan tó ń yọ̀ máa ń hù sára ọ̀pá. Ẹ máa nù ún. Bí ojú oníbátìrì bá ti ń ṣá, ẹ pààrọ̀ bátìrì kí nọ́ńbà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri. Ẹ tún ìdánwò yìnyín ṣe nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti kí ooru oṣù Kejì tó dé, kẹ́ ẹ kọ ohun tó bá sọ sórí bébà ara àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Bí méjèèjì bá ti fi ju ẹyọ kan lọ yàtọ̀ síra, ẹ lọ ra òmíràn.