Bí Kíbọ́ọ̀dù Bá Daṣẹ́ Sílẹ̀ Lẹ́yìn Tí Ẹ Nù Ún Tán

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe l'Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kó pírójẹ́ẹ̀tì wọn wá gan-an ni mo nu eruku ọyẹ́ lára lápútọ́ọ̀pù mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, mo rẹ òwú sínú spírítì, mo fi nu àárín àwọn bọ́tìnnì, mo sì tàn án lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ "ìlọsíwájú", "ìsíwájú" ló jáde. O kọ̀, L kọ̀, 9 àti àmì ìdánudúró náà kọ̀.

Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tíì náwó. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tó bá ṣe é yọ, kí ẹ wá dojú ẹ̀ délẹ̀. Bó bá jẹ́ spírítì díẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì; bó bá jẹ́ omi, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú oòrùn, torí awẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì lè wọ́. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì o, eruku ìrẹsì ni yóò kù síbẹ̀. Ìkánjú ni mo kábàámọ̀ jù: bí iná bá gba ibi tó ṣì tutù kọjá, ó lè jẹ ojú ọ̀nà tó ń gbà lábẹ́ ike yẹn, àìsàn ọjọ́ kan á wá di ti títí láé.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ ki kíbọ́ọ̀dù USB bọ̀ ọ́. Bí ìyẹn náà bá ń ṣe ségesège, inú Windows ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá ń nu bọ́tìnnì nígbà tí ẹ̀rọ wà ní títàn lè tẹ Shift apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 8, Filter Keys (ètò Windows tí kì í ka títẹ̀ kíákíá sí) á sì gbéra, á dà bíi pé gbogbo bọ́tìnnì ti kú. Bí U, I àti O bá sì ń mú 4, 5 àti 6 jáde, Num Lock ni ẹ ṣèèṣì tẹ̀.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kọ̀? Ẹ rọra ṣí ìdérí ẹ̀, ẹ nu rọ́bà kékeré abẹ́ ẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ó jókòó dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn bíi tèmi, ọ̀nà iná kan náà ló so wọ́n pọ̀. Ẹ tún pa á, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ wá tú skúrúù ẹ̀yìn. Lára ẹ̀rọ mìíràn, àwòrán kíbọ́ọ̀dù kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó yẹ ní títú. Ẹ máa rí wáyà pẹlẹbẹ bíi tẹ́ẹ̀pù. Ẹ má fà á. Ẹ fi èékánná gbé ìgbámú tó dì í mú sókè, wáyà á jáde fúnra ẹ̀. Ẹ fi spírítì nu ẹnu ẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tì í padà ní títọ́, kí ẹ sì pa ìgbámú náà dé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ibẹ̀ ti ń yanjú.

Tèmi ò yanjú, ni mo bá lọ ra òmíràn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ mú lọ sọ́jà, kì í ṣe orúkọ lápútọ́ọ̀pù nìkan. Tòkunbọ̀ láti Ìlú Ọba ni tèmi: Enter ẹ̀ ga, £ wà lórí 3, bọ́tìnnì kan sì wà láàárín Shift apá òsì àti Z tí kò sí lára ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó tà á fún mi kọ́kọ́ gbé ti Amẹ́ríkà wá, mo dá a padà, torí kò bá tèmi mu. Bó bá jẹ́ èyí tó ń tanná lábẹ́ bọ́tìnnì ni, wáyà kejì sábà máa ń wà lára ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé orí ike yíyọ́ ni wọ́n fi kan kíbọ́ọ̀dù mọ́ ara ẹ̀rọ dípò skúrúù, ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

Mo so wáyà tuntun náà, mo tàn án kí n tó dè é. Mo tẹ "ìlọsíwájú", gbogbo ẹ̀ jáde pé. Mo pa á, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá skúrúù padà.