Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú síse jambalaya Cajun fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀

Láàárín oṣù mẹ́ta, ènìyàn mẹ́rin ni ó ti fi àwòrán ìkòkò jambalaya, ìrẹsì àsèpọ̀ mọ́ ẹran ti ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: owó tí wọ́n ná lé ní dọ́là 50, oúnjẹ náà kò sì dùn. Àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra wọn, ìrẹsì tí kò ní àwọ̀ ni, ó ti fẹ́ di ẹ̀kọ, edé ńláńlá sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ipá pè wá sí àríyá. Irú rẹ̀ máa ń bí mi nínú, nítorí pé oúnjẹ àwọn tí kò ní púpọ̀ ni jambalaya Cajun. Àwọn baba ńlá àwọn Cajun ni àwọn ará Acadia tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, ní ibi tí ó jẹ́ Kánádà lónìí, ní ọdún 1755, tí púpọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí Louisiana níkẹyìn; ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni wọ́n ń sọ sínú ìkòkò kan ṣoṣo. N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Èkínní, ẹ má da tòmátò sí i. Jambalaya pupa tí ó ní tòmátò jẹ́ ti àwọn Creole, ìyẹn àwọn ìdílé àtijọ́ ìlú New Orleans ní Louisiana. Ti àwọn Cajun ní àwọ̀ búráùn. Èmi gan-an kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú Baton Rouge ní Louisiana. Mo se ìrẹsì pẹ̀lú tòmátò alágolo, kọ́rì, táìmù àti màgí mẹ́ta, mo sì pè é ní jambalaya. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó wá láti apá Gonzales, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún jambalaya láti ọdún 1968, jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo, ó dúpẹ́ gidigidi, ó sì béèrè ìgbà tí jambalaya yóò dé.

Èkejì, ẹ má ra saffron, èròjà olówó ńlá tí ń sọ oúnjẹ di aláwọ̀ ìyeyè. Ìrẹsì àwọn ará Spéìn ni wọ́n ń fi í sí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó ń dùn mí jù lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ kì í jẹ́ kí ẹran pọ́n. Àwọ̀ jambalaya Cajun, àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú adùn rẹ̀, inú ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò nígbà tí a ń dín ẹran ni ó ti ń wá, a kì í sì í rà á lọ́jà. Ẹni tí ó ń kánjú yóò da kìlò adìyẹ méjì sínú ìkòkò tí kò tíì gbóná, omi yóò sun jáde lára ẹran, ẹran yóò sì máa hó nínú omi ara rẹ̀ bí ọbẹ̀ aláìsàn. Nígbà tí ó bá rí i pé kò sí àwọ̀, yóò sáré lọ ra ìgò omi dúdú kan tí wọ́n fi ń pa ọbẹ̀ láró. Mo mọ ìgò náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rà á. Ó ń sọ ìrẹsì di búráùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè tan ẹnu ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ẹ nu omi ara ẹran gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ dín sọ́séèjì, kí ọ̀rá rẹ̀ lè yọ́ sínú ìkòkò, nítorí òróró tí ẹ kò lò, owó ni. Ẹ kó o jáde, kí ẹ wá to adìyẹ sínú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má fara kan ara wọn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Mo ní kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Ọwọ́ tí ó ń yí ẹran ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú ni kì í jẹ́ kí ó pọ́n. Nígbà tí ohun búráùn bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ṣíbí onígi ha á, ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ, kí ó tún lẹ̀, kí ẹ sì tún ha á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni èmi máa ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà yóò wọlé, tí yóò sì wà lórí iná fún ìṣẹ́jú 20 títí yóò fi rọ̀, tí yóò sì pọ́n, kí sẹ́lẹ́rì (ewébẹ̀ tí a ń jẹ igi rẹ̀) àti tàtàṣé aláwọ̀ ewé tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n bí ìdí ìkòkò bá dúdú, tí ó ń rùn bí èédú, ẹ dà á nù, nítorí pé ìkorò rẹ̀ kò ní kúrò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo pe àlejò mẹ́wàá, màmá mi pè mí láti ilé lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹnì kan, a kò sì tíì dé orí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí tí èéfín fi gba ilé ìdáná. Owó ẹran ro mí, mo da omi lé e, mo sì sè é lọ. Àlejò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni ó rántí pé àwọn ti jẹun kí àwọn tó kúrò nílé.

Ẹ má ra igẹ̀ adìyẹ. Itan tí egungun wà nínú rẹ̀ kò wọ́n tó o, kì í tètè gbẹ, egungun rẹ̀ ni ẹ ó sì fi se omi ẹran tí ẹ ń ra nínú páálí. Sọ́séèjì andouille, ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi èéfín yan, dára, àwọn ará ìlú LaPlace ní Louisiana sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn tí a fi èéfín yan yóò ṣe é. Edé kò pọn dandan: mo ti da edé dọ́là 26 sínú ìkòkò pọ̀ mọ́ ìrẹsì rí, nígbà tí a fi máa ṣí i, ó ti le bí bàtà rọ́bà. Ẹni tí kò bá lè ṣe aláìfi edé sí i, kí ó dúró títí ìrẹsì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ní ti sẹ́lẹ́rì, odindi ìdì ni wọ́n ń tà, igi méjì ni ẹ ó lò, ìyókù yóò sì jẹrà. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kí ẹ sì gbé e sínú fìrísà.

Àwa Yorùbá ní ẹ̀ṣẹ̀ tiwa lọ́tọ̀. A ó bọ ìrẹsì, a ó fọ̀ ọ́, a ó da omi rẹ̀ nù, kí a tó gbé e wá sínú ìkòkò. Ìrẹsì tí ó ti fi omi lásán yó kò ní àyè fún omi ẹran mọ́. Ní tútù ni kí ó wọlé. Fún ife ìrẹsì 3, omi ẹran ife 5 tó, nítorí pé àlùbọ́sà àti sẹ́lẹ́rì ní omi tiwọn. Kí ìrẹsì tó wọlé, ẹ tọ́ omi náà wò: kí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́ pọ̀ jù díẹ̀, ìrẹsì yóò gbà á. Ẹ ka ara agolo èròjà Cajun kí ẹ tó rà á, nítorí pé iyọ̀ ni ó ṣáájú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ata gbígbẹ, ata dúdú àti áyù wà nílé yín.

Bí ó bá ti hó, tí ìrẹsì sì ti wú, ẹ yí i láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dín iná kù pátápátá, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 25, kí ẹ má sì ṣí i. Ẹ má rò ó bí àmàlà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tùwó ni ẹ ó bù sáwo. Bí ọmọrí kò bá dé dáadáa, fọ́ìlì tí a fi ń bo jọ̀lọ́ọ̀fù òde àríyá ń ṣiṣẹ́ níbí pẹ̀lú.

Ẹ má sì torí ìkòkò jẹ gbèsè. Ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jóná lóòótọ́, irin wíwúwo ni ó yẹ, ṣùgbọ́n tèmi wá láti ilé ìtajà ohun àlòkù, dọ́là 9, ìpáàrà sì bò ó dé etí. Mo fi iyọ̀ ha á mọ́, mo fi òróró pa á, mo sì gbé e sínú ààrò fún wákàtí kan. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lò ó.