Máàpù òkè ayọnáyèéfín abẹ́ òkun nínú QGIS: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo kó àwọn ihò tí omi gbígbóná ti ń tú jáde lórí Axial Seamount, òkè ayọnáyèéfín kan lábẹ́ òkun, sínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù. Ilẹ̀ Ṣáínà ni gbogbo wọn bọ́ sí! Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Àmì àyọkúrò (-) ni kò sí níwájú nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí ìwọ̀ oòrùn. Inú òkun Pàsífíìkì ni Axial wà, nǹkan bí 480 km sí etíkun Oregon, ní 130° ìwọ̀ oòrùn. Bí QGIS kò bá rí -130, ìlà oòrùn ló máa gbé e lọ. Bó bá sì jẹ́ 230 ni wọ́n kọ sínú fáìlì, ẹ yọ 360 kúrò nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ wá ASHES, ọ̀kan lára ibi tí àwọn ihò náà wà: inú kòtò ńlá tó wà lórí òkè náà, lápá ìwọ̀ oòrùn, ló yẹ kẹ́ ẹ bá a.

Ìbéèrè: Mo ní kó wọn bí ilẹ̀ ṣe dagun tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 90° ló kọ sí ibi gbogbo.

Ìdáhùn: Mítà lẹ fi wọn jíjìn, dìgírì lẹ fi wọn fífẹ̀. Ẹ fi irinṣẹ́ Warp yí i sí UTM 9N, ìlànà máàpù tó ń fi mítà wọn fífẹ̀ náà (EPSG:32609 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú QGIS), kẹ́ ẹ tún un wọ̀n.

Ìbéèrè: Mi ò rí ihò kankan lórí GEBCO, máàpù ìsàlẹ̀ òkun gbogbo ayé, bó ti wù kí n sún mọ́ ọn tó.

Ìdáhùn: Ẹ ò lè rí i. Ojú kan ṣoṣo (àpótí kékeré tí wọ́n fi to máàpù náà) lórí GEBCO fẹ̀ tó nǹkan bí 450 mítà, ihò wọ̀nyẹn kò sì ju mítà mélòó kan lọ. Máàpù MBARI, ilé ìwádìí òkun kan ní Amẹ́ríkà, lẹ nílò, èyí tí ọkọ̀ abẹ́ omi tí kò ní awakọ̀ yà. Mítà kan ni ojú tirẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fi Raster Calculator, irinṣẹ́ ìṣirò inú QGIS, yọ máàpù tó ṣáájú ìbúgbàù òkè náà lọ́dún 2015 kúrò nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ inú kòtò ńlá náà rì ju mítà méjì lọ. Àṣìṣe ni, àbí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pa á rẹ́! Ibi tó wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Nígbà tí àpáta yíyọ́ jáde kúrò lábẹ́ òkè náà, ilẹ̀ rẹ̀ rì ní nǹkan bíi mítà 2.4 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ tó jìnnà sí kòtò náà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ náà bá rì bákan náà, ìwọ̀n méjèèjì ni kò dọ́gba. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n wọ́n pẹ̀lú, torí òkè náà tún máa ń wú padà. Apá àríwá lẹ ti máa rí àpáta tuntun, tó nípọn tó 127 mítà níbì kan. Bó bá dà bíi kòtò níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá fáìlì kan kọ jíjìn pẹ̀lú àmì àyọkúrò tí èkejì kò sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí bóyá ẹ ti fi èyí tó kẹ́yìn ṣáájú.