Bí A Ṣe Ń Fi Clay Bar Nu Ara Mọ́tò Nílé

Ẹ fọ mọ́tò tán, ẹ nù ún, ó ń dán gbinrin, ó dáa. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn wò. Tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ ibẹ̀ gan-an, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá búrẹ́dì, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, kí ẹ tún rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tí ojú ò rí. Tó bá jọ̀lọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ, iṣẹ́ yìí ò kàn yín lónìí. Àmọ́ tó bá ń ha ọwọ́ bí ìdí ìkòkò, á jẹ́ pé ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́ lára, irú èyí tí ṣáńpù ò lè rí nǹkan ṣe sí.

Ìdọ̀tí wo? Ìyẹ̀fun irin tó ń bọ́ lára bíréèkì, èyí tó ń ta wá láti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, oje igi máńgòrò, kóltà, pẹ́ńtì tí wọ́n ń fín níbòmíì tí atẹ́gùn gbé wá, oòrùn á wá yan gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ ara mọ́tò. Tèmi, aládùúgbò kan ló ń fín géètì ẹ̀ nígbà ọyẹ́, Corolla mi wà nílé kejì síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́ mo rí àmì dúdú wínníwínní káàkiri orí ẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, bọ̀bọ́ tó wà níbẹ̀ ní "ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀sì," ló bá fa kànrìnkàn ìfọkòkò yọ. Àmì lọ lóòótọ́, dídán orí mọ́tò náà bá a lọ, títí dòní ni ojú ibẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ clay bar.

Wọ́n pè é ní amọ̀ ṣùgbọ́n kì í ṣe amọ̀ tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ o, ṣe ni wọ́n ṣe é, àwọn ará Japan ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Ó rí bíi fùfú tó ti sùn mọ́jú, ó ń fà, ó ń le díẹ̀, nǹkan kúnnákúnná kan sì wà nínú ẹ̀ tó máa ń gé ohun tó bá yọ orí sókè lára pẹ́ńtì. Ohun tó yọ orí sókè nìkan o. Mọ́tò tó ti ha, tàbí tí ìgbẹ́ ẹyẹ ti jẹ wọnú pẹ́ńtì, tàbí tí omi bọ́ọ̀hò ti fi àpá funfun sí tó ti wọlé ṣinṣin, clay ò ní mú ìyẹn kúrò, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ẹ má sì lọ mú plasticine àwọn ọmọ yín o, mo mọ ẹni tó dán an wò, ó fi ọjọ́ méjì yọ ọ̀rá ẹ̀ kúrò.

Èyí tó fẹ́lẹ́ jù, tí wọ́n máa kọ "fine" sí lára, ni kí ẹ rà. Àwọ̀ ò sọ nǹkan kan, búlúù ọ̀dọ̀ ẹnì kan lè jẹ́ fine kó jẹ́ pé èyí tó le jù ni búlúù ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, nítorí náà ẹ ka ara páálí ẹ̀. Gíráàmù 100 tó mọ́tò kékeré kan, ó sì máa ń ṣẹ́ kù. Ẹ tún wá ṣáńpù mọ́tò, bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ìgò sípíréè, tówẹ̀lì microfiber mẹ́rin, ìyẹn tówẹ̀lì múlọ́múlọ́ tí kì í ha pẹ́ńtì, àti wax, ohun tí wọ́n fi ń pa ara mọ́tò láti dáàbò bo pẹ́ńtì.

Ẹ gbé mọ́tò síbi ìbòòji, àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, kí ara ẹ̀ sì tutù. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí iyanrìn ọ̀kan ṣoṣo tó bá kù síbẹ̀, clay ló máa gbé e tí ẹ ó sì máa fi fa ìlà sára mọ́tò fúnra yín. Tí kóltà bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ fi kẹrosíìnì díẹ̀ tó wà lára àkísà yọ ọ́, kí ẹ tètè fi ṣáńpù ṣan ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn báyìí, èyí gan-an ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Clay ò gbọdọ̀ kan pẹ́ńtì gbígbẹ láéláé. Omi tó ń yọ̀ ló máa wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìdérí ṣáńpù mọ́tò kan sínú omi lítà kan, ẹ mì í pọ̀ nínú ìgò sípíréè, ó ti tó. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun, hóró ẹ̀ kì í yọ́ tán, ó máa ha mọ́tò.

Ẹ gé clay sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ pò ó lọ́wọ́ títí tó máa rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹ fín omi sí ibi tó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì níbùú lóròó, ẹ fín sára clay náà, kí ẹ wá fi ìka gbé e lé e, ẹ fà á lọ, ẹ fà á bọ̀, ní tààrà, ẹ má yí i po yí i po. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ má tẹ̀ ẹ́, torí gbogbo wa la máa ń rò pé agbára ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwúwo ìka yín nìkan tó. Lákọ̀ọ́kọ́ ẹ ó gbọ́ tó ń dún ṣàà ṣàà, á máa fà mọ́ yín lọ́wọ́, tó bá yá ohùn yẹn á lọ, á wá máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ti mọ́ nìyẹn, ẹ fi tówẹ̀lì nù ún kí ẹ sún síbòmíì. Tí omi bá gbẹ lójú iṣẹ́, ẹ dúró, ẹ fín òmíràn.

Ẹ yí clay wò. Á ti dọ̀tí, nígbà míì bíi èédú, ẹ ká a mọ́ra kí ibi tó mọ́ bọ́ síta. Orí mọ́tò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà ló máa gbẹ̀yìn torí ibẹ̀ ló dọ̀tí jù. Ẹ ṣe gíláàsì iwájú náà, wíípà tó ń ké lè dákẹ́.

Tí clay bá jábọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù. Mo mọ̀ pé owó ni, àmọ́ ẹ ò lè ṣan iyanrìn kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gé e nìyẹn.

Tí ẹ bá parí, ẹ ṣan mọ́tò, ẹ nù ún, kí ẹ fi wax pa á lọ́jọ́ náà, torí clay ti kó wax àtijọ́ lọ, ìhòòhò ni pẹ́ńtì wà. Mọ́tò dúdú lè ní ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀, pólíìṣì mọ́tò máa mú ìyẹn kúrò kí ẹ tó fi wax. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló ń gbà mí, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ti tó.

Tòkunbọ̀ tí ara ẹ̀ ti ń ṣí bí èépá, ẹ má fi clay kàn án. Èyí tí wọ́n fi stika bò tàbí tí pẹ́ńtì ẹ̀ kì í dán, ẹ má kàn án. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ panel beater dé, ẹ bi ẹni tó fín in léèrè ìgbà tó máa gbẹ tán. Bí àwọ̀ mọ́tò bá ń yọ sára tówẹ̀lì yín, ó lè jẹ́ pé wọn ò fi clear, ìyẹn pẹ́ńtì tí ò ní àwọ̀ tí wọ́n ń fín gbẹ̀yìn, lé pẹ́ńtì yẹn ni, ẹ rọra, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Clay tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fín omi díẹ̀ sí i, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú ilé, ẹ má fi sínú mọ́tò lábẹ́ oòrùn, mo ti bá tèmi tó yọ́ pọ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì rí.