Bí olùkọ́ ṣe lè yọ DNA jáde láti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní kíláàsì, àti bí ó ṣe kan iṣu wa ní Èkìtì

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà ní ìlú bí Ìkọ̀lé, Ìjerò tàbí Ẹfọ̀n-Alààyè lè yọ DNA, ìyẹn apilẹ̀ àbùdá, jáde lójú àwọn ọmọ náà láàárín wákàtí kan, bí yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní ju ife dígí díẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí ó kù ni yóò rí rà ní ọjà àti ní ilé ìtajà oògùn. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí nítorí pé mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n lè ka ìtumọ̀ DNA ní àkàsórí láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, síbẹ̀ tí kò yé wọn pé ohun kan gan-an ni, ohun tí a lè fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gbé jáde nínú ife.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí oko wa. Iṣu funfun tí à ń gún ní iyán ní akọ àti abo, òdòdó akọ àti ti abo kì í sì í sábà wà lórí ìtàkùn kan náà, nítorí náà ẹni tí ó fẹ́ mú irú iṣu tuntun jáde gbọ́dọ̀ dúró títí iṣu rẹ̀ yóò fi yọ òdòdó kí ó tó mọ èyí tí ó gbìn. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ láti Jàpáàní àti láti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ibòmíràn, tẹ àbájáde ìwádìí jáde lórí DNA iṣu funfun. Wọ́n rí i pé ó gùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 570 lẹ́tà (lẹ́tà ni à ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí ó tò tẹ̀ léra lórí okùn DNA), pé jíìnì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn apá DNA tí ó ń gbé àbùdá, lé ní 26,000, wọ́n sì rí apá ibi tí ó ń pinnu akọ àti abo, débi pé a lè mọ èyí tí iṣu kan yóò jẹ́ nígbà tí ó ṣì kéré. Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn sọ pé láti inú iṣu igbó kan tí wọ́n ń pè ní Dioscorea praehensilis ni iṣu funfun ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 2020, àwọn tí wọ́n yẹ iṣu 336 wò sọ pé àdàlù iṣu igbó yẹn àti iṣu ilẹ̀ ọ̀dàn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dioscorea abyssinica ni. Àríyànjiyàn náà dùn mọ́ mi púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ka lẹ́tà kan ṣoṣo, ó ní láti kọ́kọ́ fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tí ó para pọ̀ di ara ohun alààyè, kí ó sì yọ DNA inú rẹ̀ jáde láìjẹ́ kí ó bàjẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ni a fẹ́ ṣe.

Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tí ó pọ́n dáadáa, tí èèpo rẹ̀ ti ń ní àmì dúdú, nítorí pé nígbà tí ó bá pọ́n tó bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ ti rọ̀, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò sì ṣòro láti fọ́ mọ́. Èyí tí à ń jẹ ní kromosómù, ìyẹn ìdì okùn DNA, ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, 11 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì wà lára ìdí tí a kì í fi í bá irúgbìn gidi nínú rẹ̀. Ẹ tún wá iyọ̀, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù díẹ̀, aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì, ọ̀rá (láílọ́ọ̀nù) tí kò jò, ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́ta tí a ti fọ̀ mọ́, àti sípírítì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu ara kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́.

Orí sípírítì yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀ níwájú kíláàsì, ògógóró ni mo lò nítorí pé òun ni ó wà nítòsí, kò sì sí okùn kankan tí ó jáde. Àwọn ọmọ padà sílé láìrí nǹkan kan, ó sì dùn mí gan-an. Omi pọ̀ jù nínú ògógóró. Èyí tí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 90 nínú 100 ni ó dára jù, ti 70 sì lè tiraka díẹ̀. Ẹ fi ìgò rẹ̀, pẹ̀lú ìdérí tí ó dé pinpin, sínú fíríìsà láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kò ní dì. Bí iná kò bá sí, ẹ fọ́ omi dídì sínú korobá, ẹ da iyọ̀ lé e, kí ẹ sì ri ìgò náà sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Sípírítì yìí máa ń tètè gbaná, májèlé sì ni bí ènìyàn bá mu ún, nítorí náà kí iná má ṣe wà nítòsí, kí ọmọ kankan má sì ṣe tọ́ ohunkóhun wò nínú ife náà.

Ẹ da omi ìdajì ife, nǹkan bíi mìlílítà 100, sínú abọ́, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti ọṣẹ olómi ṣíbí tíì méjì sí i, kí ẹ sì rò ó jẹ́jẹ́ kí ó má baà hó. Ọ̀rá, irú ti ara ẹran, kì í ṣe ti láílọ́ọ̀nù, ni ó para pọ̀ di awọ tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, òun náà ni ó sì para pọ̀ di awọ àpò kékeré inú rẹ̀ tí DNA wà. Bí ọṣẹ ṣe ń ṣí epo ọbẹ̀ kúrò lára abọ́ ni yóò ṣe tú awọ méjèèjì ká. Àwọn kan ti bi mí bóyá ọṣẹ dúdú lè ṣe iṣẹ́ yìí. N kò gbà wọ́n nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí pé iyọ̀ máa ń mú kí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ dì, àwọn ọmọ yóò sì máa pe ìdì ọṣẹ ní DNA.

Ẹ bó ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sínú ọ̀rá, ẹ da omi ọlọ́ṣẹ náà sí i, ẹ so ọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní ní kókó mọ́. Ẹ má ṣe gún un nínú odó, ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, nítorí pé okùn DNA gùn púpọ̀, agbára bẹ́ẹ̀ yóò sì já a sí wẹ́wẹ́ débi pé ìgbálẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò wé. Lẹ́yìn èyí, ẹ da omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó àti omi tútù pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà sínú korobá. Ooru rẹ̀ yóò súnmọ́ ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ ri ọ̀rá náà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé àwọn ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tí ó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa ń gé DNA ní kété tí sẹ́ẹ̀lì bá ti fọ́, ooru yìí yóò sì dín agbára wọn kù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú omi dídì kí ó tutù.

Ẹ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún aṣọ náà. Ẹ jẹ́ kí ó ro fúnra rẹ̀. Ẹ kán omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù bíi ṣíbí tíì kan sínú ohun tí ó ro náà, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Purotéènì ni DNA wé mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńsáìmù inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì máa ń jẹ purotéènì, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń ta ènìyàn ní ahọ́n. Ti inú páálí kò wúlò, ooru ti pa ẹ́ńsáìmù rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìgbésẹ̀ yìí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí pé nígbà tí Friedrich Miescher kọ́kọ́ yọ ohun yìí jáde ní ìlú Tübingen ní Jámánì ní ọdún 1869, ọyún tí ó wà lára aṣọ tí wọ́n fi di egbò ní ilé ìwòsàn ni ó lò, omi ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni ó sì fi jẹ purotéènì inú rẹ̀.

Ẹ wá tẹ ife náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì rọra da sípírítì tútù náà gba ara dígí sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè léfòó sórí, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì tó ti omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má ṣe mì í. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ohun funfun bí òwú tí ó rin yóò máa gòkè láti ibi tí omi àti ọtí ti pàdé. DNA fẹ́ràn omi, kò sì lè yọ́ sínú ọtí. Iyọ̀ tí a ti fi sí i tẹ́lẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn okùn rẹ̀, tí wọ́n máa ń lé ara wọn sẹ́yìn, lè súnmọ́ ara wọn. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ wé e jẹ́jẹ́. Ojú kò lè rí okùn kan ṣoṣo, ọ̀kẹ́ àìmọye tí ó lọ́ mọ́ ara wọn ni à ń rí. Bí a bá na gbogbo DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan, yóò gùn tó mítà 2.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà máa ń parí sí, mo sì rò pé àbùkù ńlá ni. Ohun tí ó wà lórí ìgbálẹ̀ yẹn kì í ṣe DNA nìkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n ní pẹ́kítìn, ohun tí ó máa ń mú kí jáàmù ki, pẹ́kítìn náà sì máa ń dì bí ó bá kan ọtí. Ọmọ tí ó bá béèrè pé, "Báwo ni a ṣe mọ̀ pé DNA ni?" ti béèrè ìbéèrè onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ó sì yẹ kí a ní ìdáhùn fún un. Nítorí náà ẹ ṣe ife mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: kí èkíní ní ohun gbogbo, kí èkejì má ní ọṣẹ, kí ẹ̀kẹta ní omi, iyọ̀ àti ọṣẹ láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ohun funfun bá yọ nínú ẹ̀kẹta, iyọ̀ tàbí ọṣẹ ni, kì í sì í ta okùn. Ohun tí ó bá yọ nínú èkejì, pẹ́kítìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó máa ń rí bí omi tí ó dì, tí atẹ́gùn há sí. Kí àwọn ọmọ ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún wọn. Bí ẹ bá tún fẹ́ mú iyè méjì náà kúrò, ẹ fi ẹ̀dọ̀ adìyẹ tútù, bíi ṣíbí ìjẹun kan, dípò ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí pé kò sí pẹ́kítìn kankan nínú ara ẹranko. Kí gbogbo ọmọ tí ó bá fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ọmọ àgbẹ̀ yóò fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí iṣu, ẹ má ṣe dá wọn dúró, ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n já ewé tí ó kéré jù, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, ní òwúrọ̀, kí wọ́n sì lò ó kíákíá. Ewé iṣu kún fún ohun yíyọ̀ bíi ti ilá, èyí tí yóò bá DNA jáde pọ̀, ewé náà yóò sì sọ omi rẹ̀ di ewéko tútù tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CTAB ni àwọn onímọ̀ máa ń lò láti ya irú ohun yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lára DNA, ọṣẹ abọ́ kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ohun tí wọ́n rí bá lẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀, tí kò sì ta okùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí i, pẹ̀lú orúkọ irú iṣu náà àti ọjọ́ tí wọ́n já ewé rẹ̀, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá ta okùn sínú ìgò kékeré tí sípírítì kún inú rẹ̀.