Ẹ Fẹsẹ̀ Rìn láti Manningtree dé Dedham

Láti Liverpool Street ní London, nǹkan bíi wákàtí kan ni ọkọ̀ ojú irin fi ń dé Manningtree. Ẹ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bọ́ sétí odò Stour, kí odò wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Ó tó kìlómítà 3 dé abúlé Flatford, tó wà lójú ọ̀nà Dedham.

Ilẹ̀ àbàtà nìyẹn o. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ máa ń mu dé ọrùn ẹsẹ̀, kódà omi lè bo ọ̀nà. Ẹ wọ bàtà òjò. Bí ẹ ò bá rí ilẹ̀ lábẹ́ omi, ẹ yí padà, torí ẹ ò ní mọ ibi tí kòtò wà.

Ní Flatford, ilé ìlọ àlìkámà tí omi ń yí nígbà kan wà lódìkejì odò. Ẹ gba afárá onígi kọjá. Bàbá John Constable, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ín nígbà kan, ìtòsí ibẹ̀ sì ni ohun tí ọmọ náà yà sínú àwòrán The Hay Wain, ọdún 1821. Ìta la ti ń wo ilé ìlọ náà.

Ẹ padà sódìkejì kẹ́ ẹ tó forí lé Dedham. Màlúù ń jẹ̀ lórí pápá yìí: ẹ ti gbogbo géètì, ẹ fi okùn so ajá mọ́ ọwọ́ yín, ẹ má sì gba àárín ìyá àti ọmọ kọjá. Bí màlúù bá lé yín, ẹ tú ajá sílẹ̀: òun ni wọ́n ń lé.