Kúbíìtì méjì lórí afárá ìró: ohun tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá bí agbára ṣe máa gba inú ìró kọjá láti ara kúbíìtì kan (ẹyọ ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kúáńtọ́ọ̀mù) sí òmíràn, nínú yàrá mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. QuTiP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ohun kúáńtọ́ọ̀mù, ni mo fi ń ṣe é: kúbíìtì méjì, ìgbì ìró tó ń rìn lójú kírísítálì lithium niobate láàárín wọn, àti dígí onírin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lápá méjèèjì tó ń dá ìró padà.

Tí mo bá fi mode kan ṣoṣo sí i (ọ̀nà kan tí ìró lè gbà gbọ̀n láàárín dígí méjèèjì, pẹ̀lú ìwọ̀n ìgbọ̀n tirẹ̀), agbára á kúrò lára kúbíìtì kìíní, á dé ara èkejì pátápátá. Bí mo bá ti fi àwọn mode ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kún un, kì í dé tán mọ́.

Mo dín ìṣísẹ̀ àkókò inú ìṣírò kù, mo yọ gbogbo àdánù agbára kúrò. Pàbó.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bi mí lórí fóònù pé, "Báwo ni ìró yẹn ṣe ń yára tó?" Mo ní mítà 3,488 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sà. "Ó dáa, ṣírò àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n ìgbọ̀n àwọn mode rẹ."

Ẹ fi ìlọ́po méjì gígùn àárín dígí méjèèjì pín ìyára ìró. Gígùn tèmi jẹ́ 300 máíkírómítà, 5.8 MHz péré ló jáde, bẹ́ẹ̀ ìsopọ̀ mi (bí kúbíìtì kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ ìró tó) jẹ́ 3 MHz! Ìró ò yára bí ìmọ́lẹ̀, àwọn mode rẹ̀ há mọ́ra. Agbára ń ya sílé aládùúgbò.

Mo gé gígùn sí 50 máíkírómítà, mo ka ìwọ̀nba tí ìró ń wọnú dígí kó tó padà mọ́ ọn, mo sì fi ìsopọ̀ sílẹ̀ ní 3 MHz. Àlàfo di nǹkan bí 35 MHz. Ní bíi nánósẹ́kọ́ńdì (ns) 118, agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ dé tán. Ayọ̀ mi ò lẹ́gbẹ́.

Bí ìsopọ̀ tiyín bá lágbára ju èyí lọ, 50 lè má tó. Ẹ dín ọ̀kan kù nínú gígùn àti ìsopọ̀.